Oúnjẹ Ìjọba àbí Owó Àdúgbò: Èwo La Ó Gbójú Lé?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu wa n'Íkòròdú: tí kónílé-ó-gbélé bíi ti kòrónà bá tún dé, ṣé ká dúró de ìrànwọ́ ìjọba ni, àbí ká dáwó jọ láàárín ara wa?

Ti ìjọba kì í ní ká tọwọ́ bọ àpò, àmọ́ ó máa ń pẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020 ni wọ́n sé Èkó mọ́lé. Kó tó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún tí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àpò ìrẹsì kékeré kan àti gaàrí ló kàn wá, ilé mẹ́rin ló sì máa pín in. Agolo mílíìkì la fi wọ̀n ọ́n. Ó ń dùn mí dòní. Ìjà tó dá sílẹ̀ tún burú jù: onílé ní ti ayálégbé kọ́, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní tòun lákọ̀ọ́kọ́. Lóṣù kẹwàá ọdún náà ni àwọn aráàlú jálẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, l'Ékòó níbí, tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ níbẹ̀. Ebi ti fojú wa rí màbo!

Owó àdúgbò ń dun àpò, kì í sì í pẹ́ tán. Àmọ́ ìyá aláta mọ ilé tí wọn ò dáná láti àná, kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́.

Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, owó àdúgbò ló yá. Tó bá wọ oṣù, tí àpò gbogbo wa ti gbẹ, agbára ìjọba nìkan ló ká a. Kí ayálégbé ṣáà wà lára àwọn tó ń pín oúnjẹ náà.