Àpótí ìbọn ẹ̀gbẹ́ ibùsùn: ta ló ń tì síta?

Àpótí irin kékeré tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní Amẹ́ríkà, kí ìbọn ìléwọ́ lè wà nítòsí lóru, la yẹ̀ wò yìí. Owó rẹ̀ wà láàárín $50 sí $250. Ìtẹ̀ka, ìyẹn ibi tí a ń fi ìka tẹ̀ kí ó lè ṣí, ló ń wọ ọ̀pọ̀ lójú. Irin rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ bí irin ṣe nípọn tó: 14 nípọn ju 16 lọ. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ ju 16, sukudíráfà gígùn lè fọ́ ọ ṣí. Ẹ dè é mọ́ pákó láti inú, torí àpótí tí a ò bá dè, ẹrù olè ni, tòun ti ìbọn.

Kí ẹ tó fi ìbọn sínú èyí tó pọ́ọ́kú, ẹ tì í, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí kíkankíkan. Iná bátìrì ló ń fa irin tín-ín-rín tó dì í mú; tí nǹkan bá gbá àpótí náà, irin yẹn lè ta kúrò láàyè rẹ̀, kí ó sì ṣí.

Ọwọ́ tó kún fún òógùn tàbí òrí, ìtẹ̀ka kì í tètè dá a mọ̀. Èyí tó burú jùyẹn ni ti oṣù October 2023, nígbà tí wọ́n pe nǹkan bí 61,000 àpótí oníìtẹ̀ka tí ilé-iṣẹ́ Fortress ń tà padà lọ́jà: ìka ẹnikẹ́ni lè ṣí i bí onílé bá rò pé òun ti fi ìka òun sí i, tí àpótí náà kò sì gbà á sílẹ̀. Ọmọ ọdún 12 kan kú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe tiyín, ẹ fi ìka ẹlòmíì dán an wò. Bọ́tìnnì tó ń gba kóòdù la fẹ́ràn jù. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe kóòdù, ẹ má sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àpótí.

Ó ń ti ọmọdé àti àlejò síta dáadáa. Ẹni tó mọ kóòdù ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní California, tó jáde lọ́dún 2020, rí i pé ọkùnrin tó ní ìbọn ìléwọ́ fi ìbọn pa ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ ju ẹni tí kò ní. Ti obìnrin lé ní ìlọ́po 30. Òmíràn lọ́dún 2022 rí i pé àwọn tó ń bá ẹni tó ní ìbọn ìléwọ́ gbé ni wọ́n ń pa ní ohun tó lé ní ìlọ́po méjì ju àwọn tí kò sí ìbọn nílé wọn lọ. Irin nọ́ńbà 14 ò rí ìyẹn ṣe. Nílé tí ìbànújẹ́ ti mú ẹnìkan, tàbí tí tọkọtaya ń lu ara wọn, ìbọn gan-an ni kó kúrò. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan máa ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀.

Àgádágodo oníwáyà tó sábà máa ń bá ìbọn tuntun wá ò nílò bátìrì. Ẹ yọ àpò ọta, ẹ fa irin òkè ìbọn sẹ́yìn, ẹ wo inú rẹ̀ bóyá ọta ṣẹ́kù, kí ẹ ti wáyà gba ihò òkè ìbọn tí èèpo ọta ń bọ́ jáde, títí yóò fi gba ihò àpò ọta yọ nídìí ìbọn, kí ẹ wá tì í.