Àyẹ̀wò DNA fún ìdílé Írẹ́lándì àti Skọ́tlándì: ìdá wọn tàn wá, àkójọ ìbátan wọn gbà wá

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń fi itọ́ ṣe àyẹ̀wò DNA yìí tún ìṣirò wọn ṣe nípa ìdá DNA ẹni tó wá láti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Skọ́tlándì tó wà ní 38% lórí kíìtì tí mo ń bójú tó já wálẹ̀ sí 11%, Írẹ́lándì tó wà ní 9% sì fò sókè sí 35%. Kò sẹ́ni tó tún tutọ́ sínú túùbù kankan. Itọ́ àtijọ́ náà ni, ẹni àná náà ni. Ímeèlì tí wọ́n fi kéde rẹ̀ ní kí a yọ̀, pé èsì wa ti péye sí i.

Màmá àgbàlagbà kan ní Glasgow ní Skọ́tlándì ló ni kíìtì náà. Yorùbá ni bàbá wọn. Ibi tó ti wá kàwé ló ti pàdé ìyá wọn. Ìhà Nàìjíríà kò ní wàhálà, wọ́n mọ agbo ilé bàbá wọn. Ìdílé ìyá wọn ni wọ́n ń wá. Wọ́n sì ti gba nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́ débi pé wọ́n ti ra ìborùn tartan tí àwọn ará Skọ́tlándì ń lò, wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ pé ará Skọ́tlándì pọ́ńbélé ni ìyá àwọn. Ó wá ku ẹni tó máa sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ ti yí ohùn padà.

Ẹ̀rọ tó ń fèsì lórí ìkànnì wọn ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo bèèrè. Ṣé wọ́n tún DNA náà kà ni, àbí ìṣirò nìkan ni wọ́n tún ṣe? Àwọn wo ni wọ́n fi wé e lọ́tẹ̀ yìí? Ṣé a ṣì lè rí èsì ti tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rọ náà kọ́ mi bí a ṣe ń tutọ́ sínú túùbù. Nígbà tí ó di ọwọ́ ènìyàn, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ kọ̀wé pé sáyẹ́ǹsì ń tẹ̀síwájú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ti ẹjọ́ náà pa láì dáhùn ẹyọ kan nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tún un ṣí. Òṣìṣẹ́ kejì fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ láìyọ ọ̀rọ̀ kan, orúkọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ẹ̀kẹta bèèrè bóyá mo fẹ́ ra kíìtì mìíràn ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó ń béèrè ìdí tí ọjà àkọ́kọ́ fi ń yí padà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pọlówó òmíràn fún. Ìwọ̀sí ni, ó sì dùn mí gan-an nítorí Màmá.

Ìdáhùn tí ó yẹ kí wọ́n fún mi kò le. DNA kò yí padà. Ohun tó ń yí padà ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi wé e. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkójọ àwọn tí ìdílé wọn ti wà lójú kan fún ìran púpọ̀; wọ́n á gé DNA ẹni sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wo àwọn tí ègé kọ̀ọ̀kan jọ jù lọ. Bí wọ́n bá fi ènìyàn kún àkójọ yẹn tàbí tí wọ́n tún ààlà fà, èsì á yí. Láàárín Nàìjíríà àti Skọ́tlándì, kò lè yí púpọ̀, nítorí ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba. Àmọ́ láàárín Skọ́tlándì àti Írẹ́lándì, omi tó wà láàárín Kintyre ní Skọ́tlándì àti etíkun Antrim ní àríwá Írẹ́lándì kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ. Ìjọba Dál Riata ayé àtijọ́ wà ní ẹ̀bá omi náà méjèèjì. Láti 1609 ni ìjọba Ọba James ti ń kó àwọn ará gúúsù Skọ́tlándì lọ tẹ̀dó sí Ulster, ní àríwá Írẹ́lándì. Nígbà ìyàn ńlá Írẹ́lándì, 1845 sí 1852, àwọn ará Írẹ́lándì ya wọ Glasgow, wọn kò sì dẹ́kun wíwá lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí Irish DNA Atlas tó jáde ní 2017 lo kìkì àwọn tí gbogbo òbí àgbà àwọn òbí wọn, àwọn mẹ́jọ, wá láti àdúgbò kan náà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé Ulster, wọ́n bá àwọn tí DNA wọn pín sí Írẹ́lándì àti Skọ́tlándì níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá wá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ya ilẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́, tí kò sì kọ ìkìlọ̀ kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ṣe dáadáa.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wọn ní ìràwọ̀ kan kí n sì máa lọ. Lẹ́yìn náà ni mo pe nọ́ńbà fóònù wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti ará Írẹ́lándì gbé e. Kò ka lẹ́tà fún mi. Ó ní kí n ṣí èsì náà, kí n tẹ nọ́ńbà Írẹ́lándì fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n jáde: ó lè jẹ́ 12%, ó lè tó 44%. Mo tẹ Skọ́tlándì: láti 0% dé 29%. Ó ní ìwọ̀n yẹn gan-an ni èsì, pé 35% tó wà níwájú kàn jẹ́ ibi kan láàárín rẹ̀ ni. Ó dáhùn ìbéèrè mi ní tààrà: wọn kò tún itọ́ náà kà, àwọn tí wọ́n fi wé e ló pọ̀ sí i, a kò sì lè rí èsì àtijọ́ mọ́, nítorí náà kí a máa tẹ èsì síta kí àtúnṣe tó dé. Lẹ́yìn náà ó bi mí léèrè bóyá mo ti yẹ àkójọ ìbátan wò. Ó dúró lórí fóònù títí mo fi ṣí i, ó fi bí mo ṣe lè fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ hàn mí, kò sì kánjú rárá. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ wọn bá rí báyìí, n kò ní ní ẹjọ́ kankan.

Àkójọ ìbátan yìí ni ọjà gidi. Gbogbo ẹni tí DNA rẹ̀ bá ti yín mu nínú àwọn oníbàárà wọn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n DNA tí ẹ jọ ní, tí wọ́n ń fi cM (centimorgan) kà. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ àti ìyá àgbà yín jẹ́ ọmọ ìyá, nǹkan bí 229 cM ni ẹ máa ń pín ní ìpíndọ́gba. Ẹ sún ìran kan sẹ́yìn, ó di 73. Ẹ tún sún ọ̀kan, ó di 35, nǹkan bí ìdajì irú àwọn ìbátan bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní pín ohunkóhun tó hàn. Nítorí náà, tí orúkọ ẹnì kan kò bá sí nínú àkójọ, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe ẹbí yín.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá láti ìhà kan, tó sì jẹ́ Írẹ́lándì tàbí Skọ́tlándì láti ìhà kejì, ní àǹfààní ńlá kan tí àwọn ará ibẹ̀ kò ní. Àwọn tó ti ṣe àyẹ̀wò nínú Yorùbá ṣì kéré, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá lé ní 40 cM nínú àkójọ Màmá, ìhà ìyá ló ti wá. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan ṣá o. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà máa ń hàn ní cM kékeré nítorí àwọn baba-ńlá wọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ wọn sì tún ní ẹ̀jẹ̀ Skọ́tlándì tàbí Írẹ́lándì. Ẹ má fi fọ́tò ẹnikẹ́ni pinnu ìhà tó ti wá. Ẹ wo àwọn tó tún bá a tan nínú àkójọ náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú àwọn tó wà láàárín 90 àti 400 cM. Ẹ fún ẹni àkọ́kọ́ ní àwọ̀ kan, kí ẹ ṣí àwọn tí ẹ̀yin àti òun jọ bá tan, kí ẹ fi àwọ̀ kan náà kùn wọ́n. Ẹni tó kù láìní àwọ̀, ẹ fún un ní tuntun, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ti Màmá pín sí ọ̀nà méjì péré. Ọ̀nà kan, gbogbo igi ìdílé (àtẹ ìran) wọn lọ sí Ayrshire ní Skọ́tlándì: ìdílé bàbá ìyá wọn nìyẹn. Ọ̀nà kejì lọ sí The Rosses, ìwọ̀-oòrùn Donegal ní Írẹ́lándì. Ẹni tó ga jù níbẹ̀ wà ní Philadelphia, 214 cM. Iye yẹn lè jẹ́ ti ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà, ó sì tún lè jẹ́ ti irú ìbátan mìíràn tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí àti ìwé ló ń yanjú rẹ̀.

Ó wá kan ìwé àkọsílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ̀nù. Ìkànìyàn Skọ́tlándì máa ń kọ “Ireland” lásán fún ibi tí wọ́n ti bí ènìyàn, láì dárúkọ ìlú. Ní Dublin, olú-ìlú Írẹ́lándì, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba sí jóná ní 1922. Nínú ìkànìyàn tó ṣáájú iná yẹn, ti 1901 àti 1911 nìkan ló pé. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú sí Glasgow fi ẹ̀bùn sílẹ̀ fún yín. Láti 1855, ìwé ikú Skọ́tlándì máa ń ní orúkọ bàbá àti ìyá olóògbé, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ìyá náà ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Ìwé ikú Írẹ́lándì ti ìgbà yẹn kì í ní orúkọ òbí. Nítorí náà, kí ẹ tó kọjá sí Írẹ́lándì, ẹ ra ìwé ikú ẹni tó ṣí wá sí Glasgow lórí ScotlandsPeople, ìkànnì ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba Skọ́tlándì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí irishgenealogy.ie, ìkànnì ti Írẹ́lándì, ọ̀fẹ́ ni. Ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1864. Ìwé ikú ìyá àgbà Màmá fún wa ní orúkọ tọkọtaya tó bí i. Igi ìdílé ẹni Philadelphia fún wa ní orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà Màmá tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé ìbí rẹ̀ wà ní àgbègbè Glenties, Donegal, ní àwọn ọdún 1880, orúkọ tọkọtaya kan náà ló wà lórí rẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ìdajì DNA Màmá wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Òbí àgbà kọ̀ọ̀kan ní ìhà yẹn á fún wọn ní nǹkan bí 25%, díẹ̀ sókè tàbí díẹ̀ nísàlẹ̀. Skọ́tlándì ní nǹkan bí 25, Írẹ́lándì ní nǹkan bí 25. Èsì àkọ́kọ́ jìnnà sí i, èsì tuntun tí wọ́n ní ó péye sí i náà jìnnà sí i, ní ìhà òdìkejì! Ìwọ̀n tí obìnrin orí fóònù ní kí n tẹ̀ nìkan ló gba òótọ́ mọ́ra.

Ẹjọ́ mi tó kù. Láti rí àwọn tí ẹ̀yin àti ìbátan kan jọ bá tan, wọ́n ń gba owó oṣooṣù lórí owó kíìtì. Iṣẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè yìí kò ṣeé ṣe láìsí i, wọn kò sì kọ ọ́ sára páálí. Owó náà ń tún ara rẹ̀ san bí ẹ kò bá dá a dúró. Wọn kò fi ibi tí DNA ti bára mu hàn lórí kromosómù, àwọn okùn tí DNA wà lórí wọn. Èyí burú fún Donegal àti àwọn erékùṣù Skọ́tlándì bíi Lewis, níbi tí àwọn ìdílé ti ń fẹ́ra wọn fún ọ̀pọ̀ ìran. Níbẹ̀, 60 cM tó fọ́ sí ègé kéékèèké lè ti ìbáṣepọ̀ tó jìnnà gan-an wá. Tí ègé tó gùn jù bá lé ní 30 cM, ó ṣeé gbára lé. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ gba fáìlì DNA yín sílẹ̀, kí ẹ gbé e sórí GEDmatch, ìkànnì tí a ti ń fi DNA wéra, kí ẹ sì ti pinnu ṣáájú bóyá ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá lè fi wá ọ̀daràn.

Túùbù ńkọ́? Ti Màmá àkọ́kọ́ kùnà, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbẹ ẹnu wọn. Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láìjà láìta, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Kí àgbàlagbà má jẹ, kó má mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó fi ìka wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta, kó sì tutọ́ díẹ̀díẹ̀ títí omi itọ́ fi kan ìlà. Ìfófòó orí itọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ dé e kí omi aláwọ̀ búlúù sọ̀kalẹ̀, kí ẹ mì í. Tí ẹni méjì bá ń ṣe é nínú ilé kan, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kóòdù má baà pààrọ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Màmá ti ń bá ìdílé wọn ní Philadelphia sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwé ìbí Glenties sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ rà á lásìkò ẹ̀dínwó, ní àyíká àjọ̀dún St Patrick ní 17 March tàbí ìparí November, ẹ san owó oṣù kan ṣoṣo, kí ẹ sì dá a dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá san án.