Ọgbà agbomi-òjò tí àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń ṣe: ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ ajílẹ̀

Iṣẹ́ yìí wúlò gan-an. Wọ́n á gbẹ́ kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sí àgbàlá onílé, wọ́n á gbin òdòdó àti koríko sí i, kí omi òrùlé lè máa wọlẹ̀ níbẹ̀ dípò kó gba gọ́tà lọ sínú adágún.

Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù. Wọ́n á gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n á pọn omi kún un, wọ́n á jẹ́ kó fà tán, wọ́n á tún pọn òmíràn, kí wọ́n tó wá fi rúlà wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan, ẹ wá ibòmíràn. Omi tó bá dúró ju ọjọ́ méjì lọ ń pa gbòǹgbò, ẹ̀fọn á sì máa yé sí i. Kòtò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ti tó. Kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó mítà 3.

Ajílẹ̀ ló bà wá nínú jẹ́. Wọ́n ń dà á jù sínú kòtò náà, bẹ́ẹ̀ fọ́sífọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú ewéko dàgbà, tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló ń bọ́ ewéko tútù tó ń bo ojú adágún. Yanrìn ni kó pọ̀ jù nínú àpòpọ̀ erùpẹ̀ tí wọ́n ń dà sínú kòtò náà.

Ẹ ní kí wọ́n to òkúta sí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, kó má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò.