Ẹ ṣọ́ra o: sísọ́ọ̀sì fúláwà "Jámánì" tí wọ́n ń gbé kiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ báyìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó ní fúláwà yí ilé ẹ̀ ká, pàápàá ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ gádínà láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ṣágámù àti Ìpẹru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé sísọ́ọ̀sì fúláwà wá bá yín nínú búùtù mọ́tò. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́, àmọ́ kì í ṣe torí ìbínú nìkan ni mo ṣe ń kọ ọ́, owó ń lọ, iṣẹ́ sì ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Gbogbo wa la mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn ọmọ ìlú á máa wọlé láti Èkó àti òkè òkun, ẹgbẹ́ regbéregbé á máa pàdé nílé ara wọn, kò sì sí onílé tó fẹ́ kí àlejò bá fúláwà òun ní wúruwùru. Àsìkò yẹn niṣẹ́ wa máa ń pọ̀ jù lọ́dún. Ilé 9 ni mò ń gé fúláwà wọn, ọmọ iṣẹ́ 3 ló wà lọ́dọ̀ mi, sísọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó dáa tí mo ní sì ni èyí tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo gba fúrídọ̀mù, torí náà mo ti ń wá 3 sí i.

Ibi tá a ti ń ṣiṣẹ́, nílé kan tí kò jìnnà sí Fọlágbadé, ni ọkùnrin kan tó ń ta sísọ́ọ̀sì yìí ti wá bá wa. Ó múra dáadáa, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó kí àwọn ọmọ iṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ní òun ń kó sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe ní Jámánì wọlé, ó wá fa ọ̀kan yọ níjókòó ẹ̀yìn mọ́tò ó ní kí n gbà á kí n dán an wò. Mo fi gé ìsórà tó wà níwájú mi, ó gé e mọ́ tónítóní. Mo fi gé bébà, ó gé e. Ó ní ọ̀kan 18,500 náírà, tí mo bá máa ra 3 kí n mú 50,000 wá. Ó ṣí búùtù, ó kó 3 jáde nínú náílọ̀n líle, ó ti fi okùn rọ́bà dè é pinpin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má já a níbí o, tẹ́ ẹ bá já a, wáráńtì ti kú nìyẹn, ẹ jẹ́ ó délé." Mo ṣe tíráńsífà lójú ẹsẹ̀. Èyí tí mo dán wò padà sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, òun ló sì ń gbé kiri fi han gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn: èyí tó ń gé kọ́ ni wọ́n ń tà fún yín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la tú u. Ilé àkọ́kọ́, yẹ́lò bọ́ọ̀ṣì ni, ọ̀mùnú ẹ̀ ṣì rọ̀ nínọ̀-nínọ̀, kékeré niṣẹ́ yẹn yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì yìí kò gé ewé, ó ń jẹ ẹ́ ni, ewé á ká sáàárín abẹ méjèèjì á sì rún síbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìdè àárín ẹ̀ ti tú, ẹnu abẹ ya ara wọn débi pé o lè ti ìka bọ àárín ẹ̀. Èkejì lọ́ lórí igi tí kò tóbi ju pẹ́ńsù lọ. Ìrì ṣẹ̀ sí ẹ̀kẹta lóru ọjọ́ kan péré, ó dógùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ 2, orí fúláwà màmá onílé yẹn pọ́n wẹ̀wẹ̀ bíi pé iná rà á, torí ewé tí wọ́n bá rún lẹ́nu, ojú ọgbẹ́ ẹ̀ ló máa gbẹ, kì í ṣe bí èyí tí abẹ mú gé tó máa ń jinná kíákíá. Màmá yẹn ò bá mi jà, wọ́n kàn ń wò ó ni, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo pe ọkùnrin yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni, igi ńlá lẹ fi gé." Àtìgbà yẹn nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Mo wá ń béèrè kiri, bàbá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ti ra 2, ìyá kan ní Ṣágámù ra 1, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún àwọn méjèèjì, wáráńtì tó máa kú, àti ẹ ò mọ̀ ọ́n lò.

Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ tó máa ń bá wa pọ́n àdá. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mú fáìlì, wọ́n fi ha ẹnu abẹ tuntun yẹn, fáìlì wọlé bíi pé wọ́n ń ha agolo mílíìkì. Wọ́n wá gba èyí tí ọ̀gá mi fún mi, fáìlì yọ̀ lórí ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń fi irin ha gíláàsì, ó ń dún. Wọ́n ní irin abẹ gidi, wọ́n á dáná sí i títí á fi pọ́n, wọ́n á tì í bọ epo tàbí omi kó lè le, wọ́n á tún yá a níná díẹ̀ kó má baà máa kán, àmọ́ èyí tí mo gbé wá yìí, páànù ni wọ́n gé tí wọ́n kùn ní dúdú.

Sítíkà ara ẹ̀ kọ Solingen. Ìlú kan ní Jámánì ni Solingen lóòótọ́, iṣẹ́ ọ̀bẹ àti abẹ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n, láti 1938 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ẹni tí kò bá ṣe é ládùúgbò wọn ò gbọdọ̀ kọ orúkọ yẹn sára ọjà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa mú ẹni tó tẹ sítíkà níbí? Òógùn ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mi ló bó o kúrò. Èyí tó bá dáa, ara irin gan-an ni wọ́n sábà máa ń lu orúkọ sí, kì í ṣe bébà.

Torí náà, èyí tẹ́ ẹ máa gbé lọlé ni kẹ́ ẹ dán wò, kì í ṣe sánpù. Ẹ já náílọ̀n ẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, tó bá kọ̀, ẹ dá owó yín padà sápò. Ẹ mú náílọ̀n píọ wọ́tà tó ti ṣófo dání, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí bébà líle, abẹ tí kò mú náà lè já a. Ẹ fi gé e láti ìdí abẹ títí dé ṣóńṣó, ibi tó bá ti ká sáàárín láìgé, ibẹ̀ ni kò dáa. Ẹ wo àárín tí abẹ méjèèjì ti pàdé: bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì ló yẹ kó wà níbẹ̀, tí sípánà lè fún, tó bá jẹ́ irin tí wọ́n kàn lù pa ni, lọ́jọ́ tó bá tú, ó parí. Ẹ pa á dé kẹ́ ẹ gbé e sókè sí oòrùn, abẹ gidi máa ń tẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín láàárín nígbà tí ṣóńṣó méjèèjì fara kanra, bó ṣe rí nínú sísọ́ọ̀sì télọ̀ náà nìyẹn, tiwa yìí lẹ̀ mọ́ ara wọn bíi pátákó. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà wà láàárín ọwọ́ méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń gbá ara wọn, tí kò bá sí, ọrùn ọwọ́ yín ló máa sọ fún yín nírọ̀lẹ́. Àwọn kan ní ká fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò. Kò lè sọ nǹkan kan fún yín, torí mágínẹ́ẹ̀tì ń fa páànù náà.

Èmi náà ò ní sọ pé ẹ̀bi ò lè jẹ́ tiwa láé, torí ọ̀rọ̀ "ẹ ò mọ̀ ọ́n lò" yẹn ló fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Sísọ́ọ̀sì fúláwà, ẹ̀ka tó mọ níwọ̀n pẹ́ńsù ló wà fún. Èyí tó bá ki díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn sísọ́ọ̀sì mìíràn ní ibi kan tó wọnú díẹ̀ nídìí abẹ tí wọ́n ṣe fún un, èyí tó bá tún ju ìyẹn lọ, ayùn ọwọ́ ni kẹ́ ẹ mú. Tí abẹ bá há, ẹ ṣí i, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ wo inú fúláwà bóyá wáyà tàbí okùn wà níbẹ̀. Oje lápálápá àti ti àwọn fúláwà mìíràn máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ, ẹ fi àkísà tó ní kẹrosínì díẹ̀ nù ún tẹ́ ẹ bá ti parí, kẹ́ ẹ kán epo sí bọ́ọ̀tì. Tẹ́ ẹ bá ń pọ́n ọn, ẹ̀gbẹ́ tó dà gẹ̀rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ pọ́n, ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú yẹn, ẹ má fi fáìlì kàn án ju kẹ́ ẹ rọra gba ìdọ̀tí irin kúrò lẹ́nu ẹ̀ lọ, torí tí kò bá tẹ́jú mọ́, abẹ méjèèjì ò ní bára wọn mu mọ́. Gbogbo èyí la ń ṣe. Sísọ́ọ̀sì ọ̀gá mi ń jẹ́rìí.

Mo ti fi tó báńkì létí, mo sì ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Mọ́tò tó gbé wá sọ́dọ̀ mi kọ́ ló gbé lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, nítorí náà ẹ má wo mọ́tò, ọ̀rọ̀ wáráńtì yẹn ni kẹ́ ẹ fetí sí. Ẹni tó bá ti rà á, ẹ má ju náílọ̀n ẹ̀ nù, ẹ fi fọ́tò ẹ̀ àti ríṣíìtì tíráńsífà yín ránṣẹ́ sí mi, a ti pé 3 báyìí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tún ń padà sí báńkì.