Àyẹ̀wò LibreOffice Calc nínú kíláàsì ìṣirò ní Abẹ́òkúta

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá ni mo ti ń fi LibreOffice Calc, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò nínú òpó àti ìlà, kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Òkè-Ìlewó. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ tí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán. Ìyẹn nìkan tó mi láti yàn án, nítorí owó dátà àti owó epo jẹnẹrétọ̀ kò lè ti àpò kan náà jáde.

Níbi gíráàfù ni iṣẹ́ rẹ̀ ti dùn jù. A tẹ iye x láti −2 dé 4 sí òpó A, a kọ =A2^2-2*A2-3 sí B2, a sì fà á wálẹ̀; kíá ni 5, 0, −3, −4, −3, 0, 5 tò sílẹ̀. Nígbà tí mo ní kí wọ́n fi 8 rọ́pò 3 tó gbẹ̀yìn, gíráàfù náà rì sísàlẹ̀ lójú wọn, ibi tó ti gé ìlà x sì kúrò ní −1 àti 3, ó di −2 àti 4. Ìdajì wákàtí ni ìyẹn ì bá gbà mí lórí pátákó. Ṣùgbọ́n nínú irú gíráàfù tó wà níbẹ̀, Scatter ni kí ẹ yàn o, kì í ṣe Line, torí pé Line a máa ka x sí orúkọ lásán.

Àmì ìyọkúrò ló dójú tì mí. Mo ní kí wọ́n ya y = −x² + 4. Ẹni tó tẹ =4-A2^2 rí −5 níbi tí x ti jẹ́ 3; ẹni tó jókòó tì í, tó tẹ =-A2^2+4 gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, rí 13, gíráàfù tirẹ̀ sì kọjú sókè. Ó bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ti kọ̀ǹpútà la máa gbà ni àbí tiyín?” Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ṣe ni Calc kọ́kọ́ ń fi àmì náà sára 3 kí ó tó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Excel àti Google Sheets, àwọn ètò irú rẹ̀, ń ṣe. Àkámọ́ ló yanjú rẹ̀: =-(A2^2)+4. SIN náà kò mọ digírì, rédíánì, ìwọ̀n igun mìíràn, ló ń lò; àfi kí a kọ =SIN(RADIANS(30)) kí 0.5 tó jáde.

Mo fún un ní máàkì 7 nínú 10. Pẹ́ńsù àti ìwé gíráàfù ṣì wà lórí tábìlì wa, nítorí ọwọ́ ni wọn yóò fi ya tiwọn níwájú WAEC, mo sì ti lẹ ọ̀rọ̀ àkámọ́ yẹn mọ́ ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.