Ọkọ̀ tí a háyà láti fi lọ bẹ ọ̀rẹ́bìnrin ọ̀rẹ́ wa: mo fún un ní máàkì 4 nínú 5

Kí n tó sọ ti ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa dé ìdí ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí à ń pè ní Olólùfẹ́. Yunifásítì kan náà ni òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, kí ọmọbìnrin náà tó pààrọ̀ ilé ìwé lọ sí ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án lórí títì. Ọdún kan gbáko ni wọ́n ti fi ń fẹ́ra lórí fóònù. Lóru ọjọ́ kan, ọmọbìnrin yìí tú gbogbo ọkàn rẹ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn kan lórí WhatsApp, ó sì béèrè nígbẹ̀yìn pé ṣé o ṣì fẹ́ràn mi? Oorun ń kun Olólùfẹ́. Ó rò pé olùkọ́ wa ló fi àkókò ìdánwò ránṣẹ́. Ó fèsì pé: "Ẹ ṣé gan-an ma, mo ti rí i." Ó dojú fóònù bolẹ̀, ó sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọbìnrin náà ti bílọ́ọ̀kù rẹ̀ níbi gbogbo.

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ ìlú ọ̀hún ti kún, ni àwa mẹ́rin bá gba ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ háyà lọ.

Ìyá tó wà ní káńtà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yìn. Ọ̀pọ̀ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 ní kọ́kọ́rọ́, tàbí kí wọ́n bu owó lé e. Wọ́n bu díẹ̀ lé tiwa náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí ìwé nìkan ló gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀. Bí ẹlòmíràn bá wà á tó sì kọlu nǹkan, adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó. A kọ orúkọ ẹni méjì. Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí à ń lọ, Olólùfẹ́ rojọ́ tán pátá. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nu ojú, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ tètè máa lọ." Wọ́n tún ní kí n fi fóònù ya fídíò ọkọ̀ náà yíká kí a tó gbé e. Mo yà á, títí kan ibi tó ti họ ní báńpà ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ oníjókòó méje ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́, bíréèkì rẹ̀ mú dáadáa. Éésì rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn á làágùn. Olólùfẹ́ ń gbé báàgì ìwé tí ọmọbìnrin náà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, kò jẹ́ kí a kó o sí búùtù. Ìjókòó iwájú ló gbé e lé. Báàgì náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi rò pé èèyàn ni, tó ń ké kíìn-kíìn-kíìn títí a fi de bẹ́líìtì mọ́ ọn.

Ní wákàtí karùn-ún, táyà ẹ̀yìn fọ́. A fa táyà sípẹ́à jáde. Kékeré ni, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kò gbọ́dọ̀ ju 80 km/h lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bíi bùrẹ́dì. Mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lára táyà náà: 1114. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà náà ti sán bíi gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Inú bí mi gan-an. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ háyà gbọ́dọ̀ wo sípẹ́à kó tó fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́.

A pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì rán ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà wá. Wákàtí méjì ó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi dúró. Olólùfẹ́ ń fi ẹ̀bẹ̀ dánra wò létí títì, ọ̀kan nínú wa sì ṣe bí ọmọbìnrin náà. Gbogbo ìgbà tó bá ti dé orí "jọ̀ọ́, olówó orí mi", èkejì á dáhùn: "Ẹ ṣé gan-an ma, mo ti rí i." Ọkùnrin tó ń fẹ́ táyà rẹ́rìn-ín títí tí jáàkì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án wá di mẹ́rìnlá. Wọ́n ti ti géètì ilé gbígbé wọn nígbà tí a débẹ̀. Fóònù mi la fi pe ọmọbìnrin náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹnu géètì, ó wo àwa mẹ́rin tí ọwọ́ wa dúdú dé ìgúnpá, ó wo báàgì rẹ̀ nínú bẹ́líìtì. Ó ní: "Ta ni ma?" Olólùfẹ́ gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́ sórí. Ó kàn na fóònù rẹ̀ sí i láàárín irin géètì, kó lè rí àtẹ̀jíṣẹ́ olùkọ́ wa tó wà lókè tirẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ níbẹ̀ di aago méjì òru. Àwa mẹ́ta tó kù da ìjókòó ẹ̀yìn délẹ̀, ó tẹ́jú bíi bẹ́ẹ̀dì, a sùn. Máàkì kan wà fún ìyẹn nìkan.

Nígbà tí a dá ọkọ̀ padà, a ti pẹ́ ju àkókò lọ. Ọmọkùnrin kan fẹ́ gba owó báńpà tó họ lọ́wọ́ wa. Fídíò yẹn ló yọ wá. Ìyá wa ní káńtà kò tíì gba kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi béèrè pé: "Ṣé ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀?" Wọ́n sì fagi lé owó ìpẹ́ nítorí sípẹ́à yẹn.

A ti gba ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n ra sípẹ́à tuntun, mo sì ń bọ̀ wá wo nọ́ńbà rẹ̀ fúnra mi.