Práímà lára Píjó 504 mi l'Ádó: alágolo kan àti alágolo méjì, ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí Píjó 504 aláwọ̀ eérú tó máa ń gba Fájúyì kọjá lọ sọ́nà Ìkẹ́rẹ́, èmi ni mo ni ín o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yéé bi mí pé irú ọ̀dà wo lèyí tí kì í dán. Àwọn ọmọ yunifásítì lọ́nà Ìwòròkò tiẹ̀ rò pé mátì ni, wọ́n ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo kàn ń wò wọ́n ni. Mátì tó wà lára mọ́tò àwọn olówó yẹn, ọ̀dà gidi ni, ó ní kílíà tiẹ̀, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n fi ń bo òkè ọ̀dà, tí wọ́n ṣe kó má dán, òjò ò lè rí i gbé ṣe. Tèmi yìí práímà ni, ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí pẹ́ńtà máa ń fín sára páànù kí ọ̀dà tòótọ́ tó dé. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ ni pé oríṣi práímà méjì ló wà lára mọ́tò kan ṣoṣo yìí, òjò kan náà ló pa wọ́n, oòrùn kan náà ló pa wọ́n, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó yẹ kóun náwó lé, ẹ fara balẹ̀.

Ọwọ́ tíṣà kan tó ti rẹtáyà ní Ìjerò ni mo ti rà á. Bàbá yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ẹ̀ kí owó tó dá a dúró, wọ́n ti ha bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà iwájú méjèèjì, wọ́n fín práímà eérú lásán sí i, èyí tó máa ń wà nínú agolo kan tí wọ́n kàn ń fi tínà pò. Ara yòókù ṣì wà nínú ọ̀dà funfun àtijọ́, ó ti ń bó. Àwọn kan ní kí n tà á fáwọn tó ń ra àlòkù irin. Ha! 504? Mọ́tò tí wọ́n gbé jáde ní Faransé lọ́dún 1968, tí ilé iṣẹ́ Píjó ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975, àwọn Faransé fúnra wọn pa á tì ní 1983, Kàdúná ṣì ń ṣe é títí di 2006, irú ẹ̀ lèèyàn ń gbé fún oníirin? Mẹkáníìkì tó mọ inú ẹ̀ ò wọ́n l'Ékìtì. Ohun tó ń pa á ò ju kó dógùn-ún lọ, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí ibi tí táyà wà, ìdí gíláàsì iwájú, ilẹ̀ búùtù, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè bo irin ẹ̀ ná, kí n máa tu owó ọ̀dà jọ díẹ̀díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà kan lápá Ajílosùn ló bá mi ṣe ìyókù, ìyẹn rúùfù, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fẹ́ńdà ẹ̀yìn àti búùtù. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò ní jẹ́ ìyìn nìkan. Ọ̀gá ibẹ̀ kéré sí mi dáadáa àmọ́ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí nípa ẹ̀ ni ìbéèrè tó bi mí kó tó dárúkọ owó, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ máa kun ọ̀dà sí i gan-an?" Mo ní kò tíì dájú, ó lè di ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì lè di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, tó bá rí bẹ́ẹ̀ kí n má jẹ́ kóun fi alágolo kan sí i, ẹpọ́kísì ló máa gbà, alágolo méjì nìyẹn, práímà wà nínú agolo kan, hádínà tó ń mú kó gan wà nínú ìkejì. Mo ní ṣé kò ní kọ́kọ́ fi práímà alásídì sábẹ́ ẹ̀ kó lè di irin mú. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì yẹn kì í bára wọn gbé o. Ẹpọ́kísì ò nílò olùrànlọ́wọ́, ẹ ṣáà jẹ́ ká ha á kanlẹ̀." Òótọ́ ló sọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹpọ́kísì ló kọ ọ́ sínú ìwé tó ń bá a wá pé kí wọ́n má fín in lé alásídì lórí.

Wọ́n ha á ní gbígbẹ, wọn ò fi omi kàn án rárá, torí páànù tó bá wà ní ìhòòhò tómi sì kàn án láàárọ̀, ó lè ti máa pọ́n kó tó dalẹ́. Wọ́n fi kọ́ọ̀pù tó ní ìlà díwọ̀n ọ̀dà àti hádínà bí agolo ṣe sọ, kò sí ká fojú bù ú, mo sì dúró tì wọ́n. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ ṣọ́ nílé pẹ́ńtà yòówù tẹ́ ẹ bá lọ, torí ẹpọ́kísì tí hádínà ẹ̀ ò pé kò ní gan dénú láéláé, èékánná á máa kó o. Ibi tí wọ́n ti jẹ mí níyà ni "ọ̀la, ọ̀la". Mo mọ̀ pé òjò wà ńbẹ̀, kò yẹ kéèyàn fín nǹkan nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù rin, àmọ́ ọjọ́ tí oòrùn yọ iná ò sí, ọjọ́ tí wọ́n repo sí jẹnẹrétọ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ní òun ò ṣe mọ́. Wọn ò tún fi bébà bo rọ́bà ilẹ̀kùn dáadáa, eérú wà lára rọ́bà mi dòní. Èyí tó wá ká mi lára jù, ọmọ iṣẹ́ tó ń fín in, aṣọ kékeré kan ló so mọ́ imú. Hádínà kì í ṣe nǹkan eré o, téèyàn bá ń fà á símú lójoojúmọ́ ó ń ba inú àyà jẹ́, ìbòmú tó ní fílítà ni wọ́n ń lò. Mo bá ọ̀gá ẹ̀ sọ ọ́, ó ní òun á rà á. Ṣé ó ti rà á báyìí? Ẹ bá mi bi í.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ òjò wá kù. Òjò Ékìtì ẹ mọ̀ ọ́n, láti nǹkan bí oṣù kẹta ló ti ń mú wá, ó á fi wá sílẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà wá fi oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá jà. Ìta gbangba ni mọ́tò mi ń sùn. Kò pẹ́ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ alágolo kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà. Àwọn àmì pupa kéékèèké kọ́kọ́ yọ létí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti lókè iná iwájú, mo rò pé erùpẹ̀ ọ̀nà ni, mo nù ún, kò nù. Nígbà tó yá fẹ́ńdà apá ọ̀tún wú níbì kan, mo fi ọ̀bẹ tọ́ ọ, práímà ṣí, irin abẹ́ ẹ̀ ti pọ́n ròrò. Bẹ́ẹ̀ lójú lásán kò sí ihò kankan lára práímà yẹn o! Ohun tó fà á ni pé alágolo kan yẹn, wọ́n dìídì ṣe é kó rọrùn láti fi sáńpépà ha ni, tálíìkì ló pọ̀ nínú ẹ̀, ohun kan náà tó máa ń wà nínú pọ́dà, ó sì máa ń mu omi. Omi á gba inú ẹ̀ dé irin, á jókòó síbẹ̀, oòrùn ò ní rí i fà jáde kánkán. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kó dí ojú ọgbẹ́ sáńpépà, kí ọ̀dà bò ó kíákíá, wọn ò rán an pé kó gba òjò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Níwájú mọ́tò mi ojú ibi tómi kàn á dúdú, á wọlé lọ. Lẹ́yìn, níbi tí ẹpọ́kísì wà, omi á kóra jọ, á ṣàn bọ́ sílẹ̀. Gbogbo òjò tó rọ̀ yẹn, búùtù àti ilẹ̀kùn ò ní àmì pupa kankan, àfi ibì kan létí ilẹ̀kùn tí ọ̀kadà fẹnu họ.

Àmọ́ kí ẹ má rò pé ẹpọ́kísì ò lárùn tiẹ̀. Oòrùn ni ọ̀tá ẹ̀. Nígbà tí òjò dá tí ọyẹ́ gba ìta, rúùfù mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tí mo bá fọwọ́ rá a ọwọ́ mi á dà bí ọwọ́ ẹni tó ń lọ ẹfun. Òkè nìkan ló ń ṣẹ̀ báyìí, kò tíì dé irin, kò sì ní dé e lónìí lọ́la, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún á máa fúyẹ́ sí i ni. Tó bá ti pẹ́ ju àkókò tí agolo dá fún un, èèyàn ò tún lè kàn gbé ọ̀dà lé e, wọ́n gbọ́dọ̀ fi sáńpépà nọ́ńbà 320 tàbí 400 ra ojú ẹ̀ kí ọ̀dà tuntun lè rí ibi dì mú.

Títọ́jú ẹ̀ ńkọ́? Wàhálà wà o. Práímà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ọwọ́ tó ní girísì tó bá kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú ẹ̀ á wà ńbẹ̀. Epo bẹntiróò tó bá ṣàn sílẹ̀ níbi ẹnu táǹkì, á sàmì. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà wa yìí, tí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ sára ẹ̀ tẹ́ ẹ wá fi rágì gbígbẹ nù ún, ẹ ti ra á wọ inú ẹ̀ nìyẹn. Omi lásán ni mo kọ́kọ́ ń dà sí i kí erùpẹ̀ lọ, màá wá fi ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò díẹ̀, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, màá sì fi aṣọ rírọ̀ gbẹ gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pàápàá iwájú. Àwọn car wash kan á ní káwọn fi dísù tàbí epo òróró nù ún kó lè dán. Ẹ má gbà! Epo á wọ inú práímà lọ, ọjọ́ tí ẹ bá wá kun ọ̀dà, ọ̀dà á máa sá fún ibẹ̀, á ṣe ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, pẹ́ńtà á ní iṣẹ́ ayé ni. Pọ́líìṣì oní-silicone náà bẹ́ẹ̀, kó jìnnà sí i. Tapólì tí àwọn èèyàn fi ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ̀tàn ni, tí omi bá ti wà lábẹ́ ẹ̀ ṣe ló ń se mọ́tò yín. Òrùlé páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló dáa jù, tí kò bá sí, ẹ ṣáà má gbé e sábẹ́ máńgòrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àlòkù tí wọ́n ti fín práímà sí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tó ń tà á lè ní ẹpọ́kísì lòun lò. Ẹ bu tínà díẹ̀ sára rágì funfun, ẹ wá ibi tó fara sin, bíi inú etí búùtù, kí ẹ ra á níbẹ̀. Tí práímà bá yọ́ tí rágì sì gba àwọ̀ ẹ̀ gbùù, alágolo kan ni, á jẹ́ pé ẹ máa ha gbogbo ẹ̀ dànù, ẹ yáa yọ owó ìyẹn kúrò nínú iye tó pè. Tí kò bá mì, ó ní hádínà nínú.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lọ́nà. Funfun ló wà lórí pépà mọ́tò, eérú ni wọ́n ń rí, gbogbo ìgbà ni mo ń ṣàlàyé pé ọ̀dà ìsàlẹ̀ ni, mi ò tíì yí àwọ̀ padà. Èyí tó gbọ́n lára wọn á rẹ́rìn-ín ní kí n máa lọ. Funfun náà ni màá sì kùn ún padà kí n má baà tún máa sáré pépà tuntun.

Máàkì tí mo fún wọn: ẹpọ́kísì gba 4 nínú 5, oòrùn ló yọ ọ̀kan tó kù, owó ẹ̀ ju ìlọ́po méjì alágolo kan lọ, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Alágolo kan gba 1, tó bá sì jẹ́ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀dà máa dé lé e lórí nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sóhun tó ṣe é, ẹ lò ó. Ṣọ́ọ̀bù Ajílosùn gba 3, iṣẹ́ dáa, àdéhùn ò dáa. Wọ́n máa ha bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà yẹn dé irin lẹ́ẹ̀rùn yìí, wọ́n á fi ẹpọ́kísì sí i, lẹ́yìn náà ọ̀dà funfun oníhádínà tí wọ́n ti pa dídán ẹ̀ kù díẹ̀, torí mo ti fẹ́ràn kó má dán jù. Ẹni tó bá fẹ́ràn ojú práímà bíi tèmi, irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lẹ bẹ̀ wọ́n fún, ó ń jọ ọ́, kò sì ń mu omi. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ra ẹpọ́kísì fúnra yín, agolo méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé fún yín, orúkọ kan náà lára méjèèjì, kí ẹ wo déètì ara hádínà, kí ẹ sì mi agolo ẹ̀ létí, èyí tó bá ti dì nínú, ẹ dá a padà fún wọn lójú ẹsẹ̀.